I2C láàárín Uno àti Nano: tí LCD bá wà níbẹ̀ á ṣiṣẹ́, tí mo bá yọ ọ́ gbogbo ẹ̀ á kú

aláwò_omi kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ kẹrin rèé tí èmi àti ẹ̀ ti jọ ń fà á, mi ò mọ ibi tí mo lè yà sí mọ́.

Arduino Uno kan ni ọ̀gá, Arduino Nano kan ni ọmọọṣẹ́, I2C (ọ̀nà wáyà méjì tí chip fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) ló so wọ́n pọ̀. Nano wà lókè lórí táǹkì omi, HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró wọn ọ̀nà jíjìn, ló fi ń wọn ibi tí omi dé, Uno wà nísàlẹ̀, á máa béèrè nọ́mbà lọ́wọ́ Nano ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, á wá gbé e sórí LCD 16x2, èyí tó ní bọ́ọ̀dù kékeré I2C lẹ́yìn, ádírẹ́sì ẹ̀ 0x27. Ádírẹ́sì Nano, mo fi sí 0x10. Uno yẹn náà ló ń tan pọ́ǹpù tó ń fa omi sókè, rìlé (swíìṣì tí kọ́ìlì ń tẹ̀) ló fi ń tàn án. Kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo fi so wọ́n pọ̀, ó gùn tó mítà 3, inú ẹ̀ náà ni 5V àti ground Nano gbà kọjá.

Lórí tábìlì pẹ̀lú wáyà kéékèèké kò sí wàhálà kankan, ó ń lọ geere. Ìgbà tí mo na kébù ni ọ̀rọ̀ yí padà. Á ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́mbà á ṣàdédé di 255, nígbà míì Uno fúnra ẹ̀ á dì gbagidi, LCD á dúró sórí nọ́mbà tó gbé kẹ́yìn. Èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni pé tí mo bá tẹ rísẹ́ẹ̀tì Uno kò ní gbọ́, àfi tí mo bá yọ iná Nano náà kí n tó dá a padà.

Mo wá ní kí n dín ẹrù kù kí n lè mọ ẹni tó ń ṣe mí, mo yọ LCD kúrò, mo ń ka nọ́mbà lórí Serial Monitor. Ha! Ibi tí mo rò pé á ti dáa sí i ló ti kú pátápátá. Scanner (kóòdù tó ń wá ádírẹ́sì lórí I2C) ò rí nǹkan kan, Wire.endTransmission() ń dá 2 padà, ìyẹn ni pé ẹnì kankan ò dáhùn, nígbà míì kò tiẹ̀ dá nǹkan kan padà rárá, á kàn dúró síbẹ̀. Mo dá LCD padà síbi tó wà, Nano dáhùn! Kí ló kan LCD nínú ọ̀rọ̀ Uno àti Nano?

Mo ti pààrọ̀ Nano, mo ti tún kóòdù kọ lẹ́ẹ̀mẹta, A4 sí A4 (SDA, wáyà ọ̀rọ̀), A5 sí A5 (SCL, wáyà tó ń ka àkókò), mo ti yẹ̀ ẹ́ wò títí ó ti sú mi. Nínú onRequest ti Nano (fọ́ńṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Uno bá béèrè), mo ń wọn omi, mo ń Serial.println nọ́mbà yẹn kí n lè rí i, mo wá ń Wire.write.

kíákíá kọ:

Ground ńkọ́? Ṣé ẹ so ground méjèèjì pọ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń já sí.

aláwò_omi kọ:

Mo so ó pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Inú kébù kan náà ni Nano ti ń gba 5V àti ground, mo fi mítà wò ó lókè lọ́hùn-ún, 4.8V ló ń rí.

kíákíá kọ:

Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ gbé I2C jù nù jàre. Orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, Philips ló gbé e jáde ní 1982 kí chip inú tẹlifíṣọ̀n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ta ló ní kẹ́ ẹ wá nà án gun orí táǹkì. Mítà 3 ti pọ̀ jù. Ẹ lo Serial, TX sí RX, RX sí TX, ẹ fi baud sí 9600, kẹ́ ẹ lọ sùn.

Bàbá_Mítà kọ:

Kíákíá, orúkọ ẹ ń rò ọ́ o. Serial á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, mi ò bá ẹ jiyàn, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é, tó bá sá fún un lónìí á tún pàdé ẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ míì.

Aláwò, ìwọ fúnra ẹ ti kọ ìdáhùn sínú ìbéèrè ẹ, o kàn fò ó kọjá ni. LCD yẹn.

Gbọ́ mi. Nínú I2C kò sí ẹnì kankan tó ń ti wáyà lọ sókè. Uno o, Nano o, LCD o, fífà wálẹ̀ nìkan ni gbogbo wọn mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ 0 á fa wáyà lọ sí ground, ẹni tó bá fẹ́ sọ 1 á kàn jọ̀wọ́ ẹ̀ ni. Ohun tó ń gbé wáyà padà sókè ni resistor tó wà láàárín òun àti 5V, pull-up tí wọ́n ń pè é. Kí o rò ó bí ilẹ̀kùn tí wọ́n so rọ́bà mọ́: gbogbo ayé lè fa ilẹ̀kùn yẹn, rọ́bà ló ń dá a padà. Tí rọ́bà bá ti dẹ̀, ilẹ̀kùn á máa rọra fà padà, kó tó délé ẹlòmíì á ti tún dì í mú.

Rọ́bà wo lo wá ní? Wire library, kóòdù tó ń bójú tó I2C lórí Arduino, máa ń tan pull-up tó wà nínú chip Uno àti ti Nano, ṣùgbọ́n ìyẹn wà láàárín 20k sí 50k, ọ̀lẹ gbáà ni. Ẹ̀yìn LCD ni rọ́bà gidi wà. Bọ́ọ̀dù kékeré yẹn sábà máa ń ní 4.7k méjì lára, ọ̀kan fún SDA, ọ̀kan fún SCL. Ọjọ́ tí o yọ LCD, o yọ wọ́n lọ láìmọ̀. Má gbà mí gbọ́ lásán o, yọ LCD sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yí mítà ẹ sí ohm, fi ẹnu kan sí VCC ẹ̀, ẹnu kejì sí SDA ẹ̀, kí o wá sọ ohun tí o rí.

Ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ní nǹkan bíi 50 pF (ìwọ̀n iná tí wáyà ń gbé pamọ́) lórí mítà kan láàárín wáyà méjì tó wé mọ́ra, mítà 3 jẹ́ 150, fi pin àwọn chip kún un, ká pè é ní 180 pF. Òfin I2C gbà tó 400 pF, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé mítà 3 ti pọ̀ jù. Àkókò tí wáyà fi ń gòkè jẹ́ nǹkan bíi 0.85 ní ìlọ́po R (pull-up) ní ìlọ́po C (pF yẹn). Pull-up inú Uno àti ti Nano, ká ka méjèèjì pọ̀ sí 17k, o máa rí 2.6 µs (µs kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Ní 100 kHz tí Wire ń lò tí o ò bá fọwọ́ kàn án, òfin ní kò gbọdọ̀ ju 1 µs lọ. Ṣé o ti wá rí i báyìí? Dá LCD padà, gbogbo ẹ̀ di nǹkan bíi 3.7k, ó di 0.56 µs, ó wọlé.

Ó wọlé, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan míì tún wà nílẹ̀ nìyẹn. Nínú kébù yẹn, àwọ̀ wo lo fi SDA sí, àwọ̀ wo lo fi SCL sí?

aláwò_omi kọ:

Bàbá!! 4.68k ni mo rí, lórí SDA àti lórí SCL. Mo wá gbé iná fóònù sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù yẹn, resistor dúdú méjì tí kò tó orí abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 472 sí lára. Gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yìí ni wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí.

SDA wà lórí búlúù, SCL wà lórí funfun tó ní ìlà búlúù, àwọn méjèèjì wé mọ́ra, mo rò pé ó dáa kí wọ́n jọ máa rìn ni.

Bàbá_Mítà kọ:

Mo fura tẹ́lẹ̀. Wáyà méjì tó bá wé mọ́ra bẹ́ẹ̀ yẹn, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀kan èkejì á gbọ́ ọ. Tí SCL bá fò wálẹ̀ SDA náà á gbọn díẹ̀, tí SDA bá gbọn lásìkò tí SCL wà lókè, ojú START tàbí STOP (àmì ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin ọ̀rọ̀) ni chip á fi wò ó, ọ̀rọ̀ á já láàárín méjì. Fi SDA wé ground, kí o fi SCL wé ground míì, wáyà mẹ́jọ ló wà nínú kébù yẹn, kò lè wọ́n ẹ. 5V lè gba ọ̀kan tó bá kù.

Lẹ́yìn náà fi 4.7k kan-kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nano lókè, láti SDA sí 5V, láti SCL sí 5V. Pẹ̀lú ti LCD àti ti inú chip gbogbo ẹ̀ á já sí nǹkan bíi 2k, o ti wà ní 0.3 µs nìyẹn, LCD lè wà o, LCD lè lọ o, o ò ní bìkítà.

kíákíá kọ:

Ẹ má bínú Bàbá, kí ló dé tí kò ní kúkú fi 1k kó lè le dáadáa?

Bàbá_Mítà kọ:

Nítorí pé ẹni tó ń fà á wálẹ̀ náà ní agbára ibi tó mọ. 5V lórí 1k jẹ́ 5 mA, 3 mA ni òfin ní kí chip lè fà ní ìwọ̀n yìí. Rọ́bà tó bá le jù, ọmọdé ò ní lè ṣílẹ̀kùn mọ́. Ní 5V máà jẹ́ kí gbogbo pull-up ẹ lápapọ̀ kéré ju 1.5k lọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ń to módù márùn-ún mẹ́fà sórí wáyà kan ti ń ṣìnà, módù kọ̀ọ̀kan gbé 4.7k tiẹ̀ wá, márùn-ún ti di 940 ohm, wọ́n á wá máa bú sẹ́ńsọ̀.

lẹ́ẹ̀dì_lọ́wọ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ kóòdù, torí pé tó bá tún wáyà ṣe tán tí onRequest yẹn sì wà bẹ́ẹ̀, kò tíì bọ́.

Àbúrò, onRequest kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́. Interrupt ni, ó ń dá iṣẹ́ yòókù dúró. Ọ̀gá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ó ń retí èsì, ìwọ wá ń sọ fún ọmọọṣẹ́ pé kó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gun àkàbà lọ wọn omi. Ìró HC-SR04 á lọ á bọ̀, fún mítà 1 ìyẹn nìkan tó 5.8 ms, tí ìró ò bá padà wá pulseIn lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, gbogbo àsìkò yẹn Nano ti tẹ SCL mọ́lẹ̀, Uno ò lè ṣe nǹkan míì. Serial.println tún wà lórí ẹ̀. Wọn omi nínú loop, fi nọ́mbà ẹ̀ pamọ́ sínú variable tí o kọ volatile sí níwájú, kí onRequest kàn gbé e jáde pẹ̀lú Wire.write kan ṣoṣo. Tí nọ́mbà yẹn bá jẹ́ báìtì méjì, pe noInterrupts() kí o tó yí i padà nínú loop, kí o pe interrupts() lẹ́yìn ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀gá lè wọlé nígbà tí o ti kọ báìtì kan tí o ò tíì kọ ìkejì, á mú ìdajì nọ́mbà àná àti ìdajì tòní lọ.

255 yẹn ńkọ́, kì í ṣe omi o. Tí kò bá sí nǹkan nílẹ̀ Wire.read() á dá -1 padà, tí o bá gbé -1 sínú byte ó di 255. Wo iye tí Wire.requestFrom dá padà, tí kò bá jẹ́ iye tí o béèrè má ka nǹkan kan rárá. Èmi a máa ní àpótí kan fún àṣìṣe, tí requestFrom bá ti já mi kulẹ̀ mo fi 1 kún un, ìyẹn ló ń sọ òótọ́ fún mi ju ojú mi lọ.

esp_kékeré kọ:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀, tèmi jọ èyí. ESP32 (bọ́ọ̀dù míì bíi Uno) ni ọ̀gá, Uno ni ọmọọṣẹ́, Uno ń fi struct (àpò nọ́mbà) tó ní int méjì ránṣẹ́, ìwọ̀n omi àti ooru. Scanner rí i dáadáa, kò sí error, ṣùgbọ́n nọ́mbà àkọ́kọ́ tí ESP32 ń kà jẹ́ 1900581. Omi wà ní 37, ooru wà ní 29. Mo so wọ́n pọ̀ tààrà, wáyà kò gùn.

lẹ́ẹ̀dì_lọ́wọ́ kọ:

Nọ́mbà yẹn dùn mọ́ mi. Pín 1900581 sí 65536, wàá rí 29, 37 á ṣẹ́kù. Ooru àti omi ẹ ló kó sínú àpò kan. int lórí Uno jẹ́ báìtì 2, lórí ESP32 ó jẹ́ báìtì 4, Uno fi 25 00 1D 00 ránṣẹ́ ní hex, ESP32 kó báìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ó ní nọ́mbà kan nìyẹn. Wáyà ẹ ò ṣe nǹkan kan. Kọ int16_t sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dípò int, kò tán? Tí o bá máa po uint8_t mọ́ int32_t nínú struct kan, ESP32 lè fi àlàfo sí àárín wọn, Uno ò ní fi, nítorí náà báìtì kọ̀ọ̀kan ni kí o fi ọwọ́ ara ẹ tò sínú array.

Bàbá_Mítà kọ:

Kò tán o, àǹtí. Ó ní ó so wọ́n pọ̀ tààrà. Esp, Uno jẹ́ 5V, ESP32 jẹ́ 3.3V, pull-up inú Uno ń fa wáyà lọ sí 5V, orí pin ESP32 ló sì ń lọ, wọn ò ṣe pin yẹn fún un. Tí o bá sì fi pull-up sí 3.3V nìkan, Uno fẹ́ rí 0.7 nínú 5V kó tó pè é ní 1, ìyẹn 3.5V, o rí i pé 3.3 ò pé. Á ṣiṣẹ́ lónìí torí pé chip máa ń ṣàánú, ọ̀la á kọ̀. Wá level shifter kékeré (ohun tó ń so wáyà 5V mọ́ ti 3.3V) tó ní transistor BSS138 méjì, 5V sí ẹ̀gbẹ́ kan, 3.3V sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ground kan náà. Ká tó tún já lu ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ṣí ìbéèrè tìẹ.

esp_kékeré kọ:

Mo ti gbọ́ sà. int16_t ti tún un ṣe, ó ń ka 37 àti 29 báyìí. Mo ti yọ wáyà títí shifter á fi dé.

aláwò_omi kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi mo dé o. Mo ti wé SDA mọ́ ground, mo ti wé SCL mọ́ ground, mo jó 4.7k méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ Nano, onRequest ti di ìlà kan ṣoṣo. Mo yọ LCD, scanner rí 0x10 ní ìgbà àkọ́kọ́! Mo tún yọ ọ́, mo tún fi í, bí ẹni ń fi nǹkan ṣeré.

Ó lọ láti àárọ̀ títí ọ̀sán. Ọ̀sán ni omi kún, Uno pa pọ́ǹpù, ó dì. Mo tẹ rísẹ́ẹ̀tì, kò dáhùn. Mo fi mítà sí SDA, 0.1V, SCL wà ní 4.9V. Mo yọ iná Nano, ó jí.

lẹ́ẹ̀dì_lọ́wọ́ kọ:

O ti mú un. SCL lókè, SDA nílẹ̀ tí kò gòkè mọ́: Nano ló di SDA mú. Uno béèrè, Nano ń kà bit fún un, ariwo iná dé láti ara pọ́ǹpù, Uno sọ iye SCL tó ti fún un nù, tàbí o tẹ rísẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀rọ̀. Nano wà lórí bit tó jẹ́ 0, ó ń retí SCL kó tó lọ sí bit tó kàn, SCL ò sì dé mọ́. Uno jí padà ó rí SDA nílẹ̀, ó ní ẹlòmíì ń sọ̀rọ̀, òun náà dúró. Àwọn méjèèjì ń dúró de ara wọn.

Nínú setup Uno, kó tó di Wire.begin(), wo SDA. Tó bá wà nílẹ̀, fa SCL wálẹ̀ kí o jọ̀wọ́ ẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án tó bá gbà bẹ́ẹ̀, Nano á parí báìtì ẹ̀ á sì jọ̀wọ́ SDA. Lẹ́yìn náà ṣe STOP: fa SDA wálẹ̀, jẹ́ kí SCL wà lókè, kí o jọ̀wọ́ SDA. Fífà ni pinMode OUTPUT pẹ̀lú LOW, jíjọ̀wọ́ ni INPUT_PULLUP, má ṣe kọ HIGH sí i láéláé, ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn lẹ́nu Bàbá.

Ti dídì yẹn, Wire lórí Uno a máa dúró títí ayé tí o ò bá sọ fún un. Lẹ́yìn Wire.begin() kọ Wire.setWireTimeout(25000, true), µs ni 25000 yẹn. Tó bá ti kọjá á padà wá bá ẹ, endTransmission á fún ẹ ní 5, ìwọ á wá pe fọ́ńṣọ̀n SCL mẹ́sàn-án yẹn, wàá sì tún Wire.begin() pè.

aláwò_omi kọ:

Ọjọ́ mẹ́ta pé lónìí, iná ò kú lórí ẹ̀. Àpótí àṣìṣe tí àǹtí sọ náà wà níbẹ̀: Uno ti béèrè ní 259,200, mẹ́rin péré ló já a kulẹ̀, ó sì ń jí fúnra ẹ̀, ẹni tó ń wo LCD ò lè mọ̀. Mo kọ àkókò wọn sílẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí ìgbà tí pọ́ǹpù ń kú. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó bọ́ sí ìgbà tó ń tàn.

Bàbá_Mítà kọ:

Pọ́ǹpù wo ni, DC àbí AC? Ṣé diode (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) wà lẹ́nu ẹ̀?

aláwò_omi kọ:

DC ni sà, 12V. Diode wà lórí módù rìlé, mo rí i. Lẹ́nu pọ́ǹpù fúnra ẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Bàbá_Mítà kọ:

Ti rìlé, kọ́ìlì rìlé ló ń ṣọ́. Pọ́ǹpù náà ní kọ́ìlì tiẹ̀, tí o bá pa á iná inú kọ́ìlì yẹn á ta padà, ariwo nìyẹn. Fi diode 1N4007 kan sẹ́nu pọ́ǹpù gan-an, ìlà funfun ẹ̀ sí pọ́sítífù, kí o wá sọ bóyá mẹ́rin yẹn tún kún.

aláwò_omi kọ:

Mẹ́rin náà ló ṣì wà o Bàbá, pọ́ǹpù sì ti kú lẹ́ẹ̀mẹfà láti àná.